Kọ́míìkì Àdáṣe ní Ilẹ̀ Yorùbá

Kọ́míìkì ni ìtàn tí a fi àwòrán sọ, tí a to àwọn àwòrán náà tẹ̀ léra wọn nínú àpótí kéékèèké lójú ìwé, tí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn jáde sì máa ń wà nínú àyíká róbótó funfun lẹ́bàá orí wọn. Kọ́míìkì àdáṣe ni irú èyí tí ayàwòrán tàbí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ tàbí owó ìwọ̀nba alátìlẹ́yìn tẹ̀ jáde, tí kò sì sí ọ̀gá kankan lókè rẹ̀ tí yóò pàṣẹ irú ẹ̀dá tí yóò yà tàbí ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ sọ. Ohun méjì ni a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí kọ́míìkì ọjà: èkíní ni pé ẹni tó ṣe é ni ó ni ín, èkejì sì ni pé ìgbésí ayé àwọn ènìyàn gidi, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, ìbànújẹ́ àti àléébù wọn, ni ó sábà máa ń gbájú mọ́, dípò ìtàn akọni tí ń fò lójú ọ̀run.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìtàn gígùn, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, dé orí ìwé oní-fọ́tò Atọ́ka, dé orí Ikebe Super, títí ó fi kan àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀dọ́ òde òní tí ń ta ìtàn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé àwọn ayàwòrán ti gba àṣẹ iṣẹ́ wọn sí ọwọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá, tí gbogbo ojú ìwé Atọ́ka kún fún nígbà kan, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú kọ́míìkì tí àwọn ọmọ Yorùbá ń ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè òkun

Ní ọdún 1954, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé òfin kan kalẹ̀ fún ara wọn, tí wọ́n pè ní Comics Code, lẹ́yìn tí àwọn òbí àti àwọn aṣòfin ti fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé ìwé wọn ń ba ìwà ọmọdé jẹ́. Òfin náà lé ọ̀pọ̀ ìtàn ọ̀daràn àti ìtàn abanilẹ́rù kúrò lórí àtẹ, àwọn akọni alágbára sì gba ọjà kan. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tiwọn láìtọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Zap Comix tí Robert Crumb gbé jáde ní San Francisco ní ọdún 1968 sì ni ó lókìkí jù lọ nínú wọn. Ní ọdún 1980, Art Spiegelman àti ìyàwó rẹ̀, Françoise Mouly, dá ìwé Raw sílẹ̀ ní New York; inú rẹ̀ ni Spiegelman ti ń tẹ Maus ní abala-abala, ìyẹn ìtàn bí bàbá rẹ̀ ṣe yè bọ́ nínú ìpakúpa tí ìjọba Násì pa àwọn Júù, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1992. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ayàwòrán kan kó ara wọn jọ ní ọdún 1990 láti dá ilé-ìtẹ̀wé L'Association sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni Marjane Satrapi, ọmọ ilẹ̀ Ìráànì, ti tẹ Persepolis, ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, láti ọdún 2000 lọ. Láti ìgbà yìí ni ó ti hàn gbangba pé kọ́míìkì lè gbé ẹrù tí ìwé ìtàn èyíkéyìí lè gbé.

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn

Kí ìwé ìròyìn tó dé ni àwọn Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀fẹ̀ bá ọlọ́lá wí. Ní òru ẹ̀fẹ̀ tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká, ẹni tó gbé ẹ̀fẹ̀ lè kọrin mọ́ olówó tàbí olóyè tó hùwà àìtọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mú un sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn eégún alárìnjó ṣe máa ń sín onírúurú ènìyàn jẹ níwájú ọba. Nígbà tí àwòrán ẹ̀fẹ̀ wọ inú ìwé ìròyìn, kò ṣe àjèjì sí àwọn òǹkàwé, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ ni ó wá ṣe.

Akínọlá Láṣẹ̀kan, tí a bí ní Ọ̀wọ̀, ni aṣáájú ní ọ̀nà yìí. Inú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1937, ni ó ti ń ya àwòrán tó ń tú àṣírí ìrẹ́jẹ ìjọba amúnisìn, tí ó sì ń fi orúkọ ìnagijẹ Lash sí abẹ́ rẹ̀ títí orúkọ náà fi di ohun tí àwọn òǹkàwé ń wá lójú ewé. Láṣẹ̀kan kú ní ọdún 1972, nígbà tí ìran kejì ti bọ́ sójú iṣẹ́. Josy Ajíbóyè ń ya tirẹ̀ sínú Daily Times àti Sunday Times, ó sì sọ ìṣòro ojoojúmọ́ bíi ọ̀wọ́n ọjà, àìsí iná àti ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba di ohun tí ilé ń rẹ́rìn-ín sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Délé Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà, dá ẹ̀dá ìtàn kan tí ń jẹ́ Kole the Menace sílẹ̀ nínú Sunday Times, ọmọdékùnrin alárìíyá tí kò sí ohun tí àgbà fi pamọ́ tí ojú rẹ̀ kò tó. Ìyàtọ̀ wà láàrin irú èyí àti àwòrán kan ṣoṣo ti Láṣẹ̀kan, nítorí pé Kole ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, òǹkàwé sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó ni ojú ìwé tí gbogbo wọn ń yàwòrán sí.

Atọ́ka: ìtàn oní-fọ́tò lédè Yorùbá

Ìwé tó jẹ mọ́ èdè Yorùbá jù lọ nínú ìtàn yìí ni Atọ́ka, tí ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ń tẹ̀ ní Èkó láti òpin àwọn ọdún 1960. Kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya àwòrán inú rẹ̀, fọ́tò ni. Ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé kan, irú bí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó tàbí ẹgbẹ́ Aláwàdà ti Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, yóò gbé eré wọn síwájú kámẹ́rà, wọn yóò sì tún ìṣe kọ̀ọ̀kan ṣe kí ayafọ́tò lè yà á: bí ìyàwó ṣe di ìyálé mú ní gèlè, bí ọba ṣe na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí onílé, bí olè ṣe yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. A ó to àwọn fọ́tò náà sójú ìwé, a ó kọ ọ̀rọ̀ òṣèré kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, eré náà yóò sì máa bá a lọ láti ìtẹ̀jáde kan dé òmíràn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ra ti oṣù yìí kò ní lè ṣe kí ó má ra ti oṣù tó ń bọ̀.

Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún èdè. Òwe, ọfọ̀, oríkì àti ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ lórí ìtàgé wọ inú àyíká róbótó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, ẹni tí kò sì lè kàwé dáadáa lè tẹ̀ lé ìtàn náà láti ojú fọ́tò, kí ó sì ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ka èdè abínibí rẹ̀. Ìbàdàn náà ti ní Aworẹrin, ìwé àtìgbàdégbà fún ọmọdé, èyí tí ẹ̀ka ìtẹ̀wé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń gbé jáde. Nígbà tí fídíò dé, tí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré wọn nínú kásẹ́ẹ̀tì, ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ra Atọ́ka dín kù, kò sì sí ìwé mìíràn tó gba ipò rẹ̀.

Powerman àti Ikebe Super

Ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1970 ṣàlàyé ohun tí àdáṣe túmọ̀ sí ju ọ̀rọ̀ lọ. Ní ọdún 1975 ni a gbé Powerman jáde fún àwọn òǹkàwé Nàìjíríà, akọni aláwọ̀ dúdú tí agbára rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di olókìkí lẹ́yìn náà, ni ó ń yà á ní ilẹ̀ wọn, àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń kọ ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára púpọ̀. Ohun tí ó ṣaláìní ni ojú ẹni tó ti dúró ní ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gbà tàbí tí ó ti ná ọjà ní Gbági.

Ní ọdún 1976, Wálé Adénúgà, tó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, dá Ikebe Super sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí akọni kankan nínú rẹ̀. Papa Ajasco, bàbá àgbà apárí tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, Mama Ajasco tí ń ṣọ́ ọ, Pa Jimoh ọ̀rẹ́ rẹ̀, Boy Alinco aláràmọ́dà nínú aṣọ, àti Miss Pepeye ni àwọn ẹ̀dá tó kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ èdè àdàlù bí àwọn ará Èkó ṣe ń sọ ọ́. Adénúgà fi ìwé mìíràn bíi Binta àti Super Story kún un, ó sọ ìtàn Papa Ajasco di fíìmù ní ọdún 1984, ó sì tún gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà. A lè rí àléébù nínú bí Ikebe Super ṣe ń ya ara obìnrin, ọ̀pọ̀ òbí sì kọ̀ ọ́ fún ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ayàwòrán kan lè ni ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, kí ó tà á fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ó sì jẹun nídìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn aládùúgbò àti àwọn tó wà ní ìdálẹ̀

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rin ọ̀nà tó jọ èyí. Ní Senegal, T. T. Fons bẹ̀rẹ̀ Goorgoorlou nínú ìwé ìròyìn Le Cafard libéré ní àwọn ọdún 1980, ìtàn baálé ilé kan tí ń ṣáré kiri lójoojúmọ́ láti wá owó oúnjẹ ilé. Ní Abidjan, ìwé Gbich! bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, Marguerite Abouet sì kọ Aya de Yopougon, tí Clément Oubrerie yà, láti ọdún 2005, ìtàn àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta àti àwọn ará àdúgbò wọn láìsí ogun tàbí ìyàn nínú rẹ̀, èyí tó gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ ní àjọ̀dún Angoulême ní ọdún 2006. Hector Sonon ni a mọ̀ jù ní Cotonou, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní London, Táyọ̀ Fátúnlá, tó kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Joe Kubert ní New Jersey, fi Our Roots tó ń yà sínú ìwé ìròyìn The Voice kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìtàn àwọn baba ńlá wọn.

Ìran tuntun

Láti ọdún 2012 ni nǹkan ti tún gbérasọ. Ní ọdún náà ni Ayọ̀délé Elegba bẹ̀rẹ̀ Lagos Comic Con, ìpàdé ọdọọdún tí àwọn ayàwòrán ti ń pàtẹ ìwé wọn, tí wọ́n sì ń rí àwọn tó ń kà á lójúkojú. Ní ọdún 2013, Jídé Martin dá Comic Republic sílẹ̀ ní Èkó. Dípò kí wọ́n máa wá owó ìtẹ̀wé, wọ́n gbé ìwé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè kà á. Roye Okupe dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì fi owó tí àwọn òǹkàwé dá fún un gbé E.X.O. jáde ní ọdún 2015. Ìtàn rẹ̀ mìíràn, Iyanu: Child of Wonder, tí Godwin Akpan yà, tí ilé-iṣẹ́ Dark Horse tẹ̀ ní ọdún 2021, gbé ọmọbìnrin aláìlóbìí kan kalẹ̀ nínú ayé tí a gbé ka ìtàn àti àṣà Yorùbá, ó sì di eré àwòrán tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Tolú Olówófóyèkù, Ziki Nelson àti Hamid Ibrahim tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì Kugali sílẹ̀ bá Disney ṣe Iwájú, eré alábala mẹ́fà nípa Èkó ọjọ́ iwájú, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024.

Àwọn wọ̀nyí ni ariwo wọn pọ̀ jù, ṣùgbọ́n On Ajayi Crowther Street, tí Elnathan John kọ, tí Àlàbá Ònájìn yà, tí Cassava Republic sì tẹ̀ ní ọdún 2019, ni ó sún mọ́ ẹ̀mí àdáṣe jù lọ. Ìdílé pásítọ̀ kan ní Èkó ni ó dá lé, ilé tí ìwàásù ń lọ nínú pálọ̀ nígbà tí àṣírí ń jẹrà nínú yàrá, kò sì sí ẹni tí ó ní agbára kankan nínú rẹ̀ ju agbára láti sọ òtítọ́ tàbí láti pa á mọ́. Ònájìn yìí kan náà ni ó ya ìtàn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fún UNESCO.

Ìnáwó iṣẹ́ àti ìṣòro àmì ohùn

Iṣẹ́ tó ń gba àkókò ni kọ́míìkì. A óò kọ ìtàn rẹ̀, a óò pín in sí ojú ìwé àti àpótí, a óò fi pẹ́ńsùlù yà á, a óò fi tàdáwà tẹ̀ lé e, a óò kun ún, lẹ́yìn èyí ni a óò tó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Bí ó bá kan ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, owó páànù ìtẹ̀wé kan náà ni ẹni tó tẹ ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún àti ẹni tó tẹ ẹgbẹ̀rún máa san, nítorí náà ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan máa ń wọ́n fún ẹni tí kò lówó láti tẹ púpọ̀. Èyí ni ó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ sórí fóònù.

Nǹkan mìíràn wà tí ń dẹ́kun kọ́míìkì lédè Yorùbá, tí àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà kì í kíyè sí. Lẹ́tà bíi ẹ tàbí ọ tó tún gbé àmì ohùn lórí kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà ní láti to àmì ohùn sórí lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì tí a ṣe fún kọ́míìkì lókè òkun kò mọ bí a ti ń tò ó, tó fi jẹ́ pé àmì náà á ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò lẹ́tà. Ayàwòrán tí ìyà yìí bá jẹ á yọ gbogbo àmì kúrò, tàbí kí ó padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà àbáyọ wà: a lè fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí Crumb ṣe ń ṣe, a sì lè lo àwọn fọ́ǹtì tí a ti pèsè fún èdè ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìkirè àti Àpòmù

Èrò tó wà káàkiri ni pé Èkó nìkan ni kọ́míìkì ti lè gbèrú, ṣùgbọ́n ìtàn tó yẹ kí a yà kò sí ní Èkó nìkan. Ìkirè, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, àti Àpòmù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, wà ní agbègbè ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ kò mọ̀ ju dòdò Ìkirè dúdú olóróró tí wọ́n ń rà lójú fèrèsé ọkọ̀ lọ nípa agbègbè náà, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì.

Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, Awólẹ̀ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sóko ẹrú ní Àpòmù nígbà tí kò tíì di Aláàfin Ọ̀yọ́, Baálẹ̀ Àpòmù ra ọ̀rẹ́ náà padà, ó sì ní kí a na Awólẹ̀ fún ìwà yìí. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí oyè, ó pàṣẹ pé kí a kọlu Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má baà parun. Ibi tí Awólẹ̀ darí ogun sí lẹ́yìn náà ni Àfọ̀njá, olórí ogun rẹ̀, ti kọ̀yìn sí i, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìṣubú Ọ̀yọ́. Ọjà Àpòmù yìí kan náà ni ìjà atare ti ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún láàrin ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú, ìjà tó wà lára ohun tó fa ogun tó pa Òwu run.

Bí ayàwòrán bá fẹ́ ya ìjà atare náà, ojú ìwé kan lè tó fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àpótí àkọ́kọ́ yóò fẹ̀ dé etí ìwé méjèèjì, kí ọjà lè hàn pẹ̀lú ìsọ̀ iyọ̀, aṣọ àti ẹrú. Èkejì yóò kéré, ọwọ́ obìnrin kan tí ń ka atare nìkan ni yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta yóò fi ọwọ́ oníbàárà hàn tó tún un kà. Ní ẹ̀kẹrin, ojú àwọn méjèèjì yóò kọjú síra, ọ̀rọ̀ yóò sì kún òkè orí wọn débi tí ojú ọ̀run kò ní hàn mọ́. Kò sí ogun lójú ìwé náà rárá, síbẹ̀ òǹkàwé yóò mọ̀ pé ogun ti dé.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà sí Ìkirè. Ẹni tó mọ èdè àti ẹni tó mọ ìtàn ń bẹ níbẹ̀, nítòsí ọjà tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Ìdájọ́ lórí kọ́míìkì àdáṣe ilẹ̀ Yorùbá kò le. Àwọn ayàwòrán ti fi hàn pé àwọn lè ni iṣẹ́ àwọn, àwọn lè tà á, àwọn sì lè gbé e dé ojú gbogbo ayé; èdè ni ó kù. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá gba kọ́míìkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kí àwọn òbí rà á fún ọmọ wọn, kí àwọn ayàwòrán sì kọ ó kéré tán ìtàn kan lédè tí wọ́n fi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ya ìtàn Baálẹ̀ Àpòmù lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Atọ́ka bá iṣẹ́ dé.